Àlímátù Ni Nọ́ọ̀sì Ń Wá, Èmi Ni Mo Gbé Fóònù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi àmì ẹ̀rín sábẹ́ eléyìí o. Mo mọ̀ pé ìtàn apanilẹ́rìn-ín lẹ máa ń bá pàdé lójú ewé mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti àwọn oníkèké Abuja àti ti àwọn ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì, ẹ sì mọ̀ pé tí Hikmah bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kì í mọ ibi tó yẹ kó ti dúró. Tòní kì í ṣe eré. Nǹkan kan wà tí mo ṣe, tí mo bò mọ́lẹ̀, débi pé mi ò lè wojú àwọn ará ilé wa mọ́. Ẹni tó kàn gan-an ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Bàbá mi náà ti gbọ́. Ẹ̀yin ni mo wá sọ ọ́ fún báyìí, torí ó dá mi lójú pé àwọn kan nínú yín ń ṣe ìdajì ohun tí mo ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́, wọ́n sì rò pé àánú làwọn ń ṣe. Màá sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Àlímátù lọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí, àmọ́ àtìgbà tí ìyá ẹ̀ ti kú ló ti wà lọ́dọ̀ wa ní Apo, ní Abuja níbí. Oṣù díẹ̀ ló fi jù mí lọ. Tá a bá ń jà, á ní kí n kúnlẹ̀ kí n kí ẹ̀gbọ́n mi dáadáa, èmi náà á ní kó lọ mú ìwé ọjọ́ ìbí ẹ̀ wá. A jọra débi pé àwọn oníbàárà máa ń fi orúkọ ẹ̀ pè mí nínú ọjà Wuse, níbi tó ti ń bá bàbá mi, Alhaji Jàbárù, ta aṣọ. Èmi ni mo lọ sí yunifásítì, èmi ni mo ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan tó ń ta ilé, ọ́fíìsì yẹn ló sì ṣe ìnṣọ́ránsì ìlera fún wa. Ọjọ́ táwọn oníìnṣọ́ránsì wá ṣàlàyé, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, mò ń jẹ míìtì páì. Nǹkan méjì péré ló wọ̀ mí létí. Wọ́n ní káàdì yìí, ẹni tó lorúkọ nìkan ló wà fún. Wọ́n tún ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ì báà jẹ́ ọlọ́jà, télọ̀ tàbí mẹkáníìkì, lè forúkọ ara ẹ̀ sílẹ̀ kó máa san tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí àìsàn ńlá kì í sọ pé òun ń bọ̀. Mo gbọ́ o. Mi ò ní parọ́ pé mi ò gbọ́. Mo délé, mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Lọ́dún tó kọjá, kí ààwẹ̀ tó wọlé, ojú Àlímátù bẹ̀rẹ̀ sí í wú láàárọ̀. Tó bá fi máa dọ̀sán á ti wálẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ náà ń wú, bàtà ò gbà á mọ́. Ẹ ò ní gbà gbọ́, ńṣe là ń kí i kú oríire. Ìyá mi ní, "Àlímá, o ti ń sanra o, ara ń tù ẹ́." Àwọn ọlọ́jà ní ìfẹ́ ló ń hàn lára ẹ̀ yẹn. Àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ni Mùbárákù, ọmọ Ìlọrin, mẹkáníìkì ni ní Apo, ohùn ẹ̀ kì í ròkè. Ojoojúmọ́ ló máa ń gbé sóbò wá fún un nínú ike, omi ìṣápá tútù tí wọ́n fi atalẹ̀ sí, èyí tí obìnrin Hausa kan ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ wọn. Ó sọ fún bàbá mi pé, "Bàbá, sóbò mi lẹ̀ ń wò lára ẹ̀ yẹn o. Ẹ dín owó sàdáákì kù fún mi." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ tó bá ku èmi àti Àlímátù ní yàrá, á ní ó ń rẹ òun, orí ń fọ́ òun, ìtọ̀ òun ń hó bí omi ọṣẹ. Mo ní kó lọ sílé ìwòsàn. Ó ní, "Kí n lọ sọ fún bàbá ẹ pé kí wọ́n fún mi lówó dókítà torí pé mo sanra? Kai, Hikmah!" Mo ní, "Ṣebí èmi ní káàdì. Mú tèmi lọ. Ta ló máa mọ̀?" Èmi ni mo sọ ọ́ o. Kò tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Bó ṣe di Hikmah nìyẹn. Ó wọ híjáàbù mi, ó há ọjọ́ ìbí mi sórí, ó lọ síbi tí wọ́n kọ orúkọ mi mọ́, ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà sílé wa. Ó fẹ̀rín bọ̀. "Nọ́ọ̀sì ní mo rẹwà ju fọ́tò mi lọ. Mo ní ẹ ṣeun, mà." Mo ní, "Fọ́tò ta ni kò rẹwà?" A rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ lára ẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ru, wọ́n á pè é tí àbájáde bá jáde. Fóònù ta ni wọ́n máa pè? Èmi ni mo ni nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì. Àwa méjèèjì ò rò ó débẹ̀.

Ọ́fíìsì ni mo wà nígbà tí ìpè náà wọlé. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n lé Festus, tó máa ń wa mọ́tò ọ̀gá wa, torí ó yá àbúrò ìyàwó ẹ̀ ní káàdì ìnṣọ́ránsì ẹ̀. Mò ń wò ó látojú gíláàsì bó ṣe ń kó ẹrù ẹ̀ sínú báàgì. Ohùn kan ní, "Hikmah ni? Nọ́ọ̀sì Rachael ni mí. Ṣé ẹ wà níbi tẹ́ ẹ ti lè gbọ́ mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Àbájáde yín ò dáa. Kíndìnrín yín ti ń bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì jọ pé ó fà á. Àmọ́ ẹ má bẹ̀rù, kò tíì pẹ́ jù. Dókítà ní kẹ́ ẹ wá lónìí tàbí lọ́la, wọ́n máa dá yín dúró fún ìtọ́jú. Ẹ mú ẹnì kan dání." Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, àbúrò mi, ẹ má fi ṣeré." Gbogbo ohun tí mò ń rò ni pé tí wọ́n bá dá Àlímátù dúró pẹ̀lú orúkọ mi, wọ́n á pe ọ́fíìsì, wọ́n á bá mi lórí ìjókòó mi. Mo délé, Àlímátù ń dín dòdò. Ó ní, "Wọ́n ti pè?" Mo ní, "Wọ́n pè. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní kó o máa sinmi, kó o máa mu omi dáadáa." Ó ní, "Àlùhámdùlílàhì!" ó sì fọwọ́ olóròóró gbá mi lẹ́yìn. Ẹ tún un gbọ́: ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ń kú lọ ni mo di dókítà fún, tí mò ń sọ pé kó máa mu omi.

Mò ń tan ara mi pé màá wá nǹkan ṣe sí i. Mo ní, "Àlímá, o ò ṣe lọ ṣàyẹ̀wò míì níbòmíì, kọ́kàn wa kàn balẹ̀?" Ó ní, "Ìwọ kọ́ lo ní kò sí nǹkan kan ni? Ó yá, tá a bá ti túnu tán." Mi ò tẹnu mọ́ ọn. Ó gba ààwẹ̀ yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń jí wa fún sààrì. Nọ́ọ̀sì Rachael pè, ó tún pè, mo dí nọ́ńbà ẹ̀ pa. Lẹ́yìn ìtúnu, ibà mú èmi fúnra mi, mo lọ sílé ìwòsàn yẹn kan náà. Dókítà Ọbayẹmí, bàbá àgbàlagbà kan tí kì í ṣe òun ló rí Àlímátù nígbà yẹn, ṣí fáìlì, ó pariwo. "Hikmah! A wá ẹ títí! Na ẹsẹ̀ ẹ kí n wò ó." Ó wo ẹsẹ̀ mi, kò wú. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ń lọ geere. Ó ní, "Ta ló tọ́jú ẹ?" Mo ní dókítà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní, "Fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀, mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀." Ó ní kí n jẹ́ káwọn gba ẹ̀jẹ̀ mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní màá padà wá. Ilẹ̀kùn tún ṣí sílẹ̀ fún mi níbẹ̀, ó kàn ní kí n sọ pé "Dókítà, èmi kọ́" ni. Oògùn ibà ni mo gbà, mo lọ sílé.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, Àlímátù ṣubú sórí ẹrù aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Èébì, gìrì, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba ni wọ́n gbé e lọ. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kó tó lajú. Dókítà ibẹ̀ sọ fún wa pé kíndìnrín méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ó bi í níṣojú bàbá mi bóyá ó ti ṣàyẹ̀wò rí. Àlímátù wojú mi. Ó ní, "Rárá, sà." Ó parọ́ kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ mi. Dókítà mi orí, ó ní ká ní ó tètè wá ni, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lásán ì bá ti dáàbò bò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá mi bú sẹ́kún. Wọ́n ń bi gbogbo wa pé, "Kí ló jẹ? Kí ló mu? Ta ló fún un?" Ibí ni mo ti ṣe èyí tó burú jù. Ẹnikẹ́ni ò bi mí tààrà. Èmi ni mo lanu mi, mo ní, "Bàbá, sóbò tí Mùbárákù máa ń gbé wá fún un nìkan ni mo mọ̀ o."

Ó tán. Mùbárákù dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú èso, bàbá mi já ọ̀rá náà gbà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n dà á sílẹ̀. "Kí lo fi sínú sóbò yẹn? Kí lọmọ mi ṣe fún ẹ?" Mùbárákù ní, "Bàbá, èmi náà ń mu ú. Wàlláhì, nínú ike kan náà ni." Wọ́n ní tí wọ́n bá tún rí i, ọlọ́pàá ló máa bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n tú àdéhùn ìgbéyàwó ká. Àlímátù náà, àìsàn ti dẹ́rù bà á, ó ní kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kó wọlé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń fọ ẹ̀jẹ̀ Àlímátù, màá rí Mùbárákù níta géètì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ ẹ̀. Á ní, "Hikmah, báwo lara ẹ̀?" Màá ní, "Ó dáa díẹ̀." Màá kọjá.

Ǹ bá ṣì máa kọjá títí dòní, ká ní kì í ṣe ìyá kan tí ẹ̀rọ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Àlímátù. Wọ́n bi Àlímátù pé ta ni mí. Ó ní, "Àbúrò mi ni, mà. Nígbà táwọn tó kù ń kí mi pé mo sanra, òun nìkan ló ní kí n lọ sílé ìwòsàn." Ìyá yẹn gbé ọwọ́ tí kò sí abẹ́rẹ́ sókè, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bó o ṣe ṣe fún un yìí, Ọlọ́run á rán ẹni tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún ìwọ náà." Wọ́n ń dúró kí n ṣe àmín. Àlímátù ti ṣe tiẹ̀. Ẹnu mi ò ṣí. Àlímátù ní, "Kí ló dé? Ṣe àmín nù un." Mo kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un.

Kò pariwo. Ó ní, "Kí ni nọ́ọ̀sì yẹn sọ gan-an?" Mo sọ ọ́. Ó ní, "Ó ní kò tíì pẹ́ jù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó wá ní, "Mùbárákù ń bẹ níta?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Lọ pè é wá. Kí ìwọ máa lọ sílé." Mo délé, mo sọ ọ́ fún bàbá mi náà. Wọn ò nà mí. Wọ́n wọ mọ́tò lọ bá Mùbárákù níbi iṣẹ́ ẹ̀, wọ́n jókòó sórí táyà láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Mo lọ jẹ́wọ́ fún Dókítà Ọbayẹmí kí wọ́n lè yọ àìsàn Àlímátù kúrò nínú fáìlì mi. Mo jẹ́wọ́ ní ọ́fíìsì, wọ́n ní kí n máa lọ. Ó tọ́ sí mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ bíi tèmi, ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní káàdì yín. Ẹ lo okun yẹn láti mú ẹni náà lọ forúkọ ara ẹ̀ sílẹ̀. Bàbá mi ti fi orúkọ gbogbo ilé àti ti àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ báyìí, àmọ́ kíndìnrín Àlímátù ti bàjẹ́ kó tó kàn án, ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ sì ni ìnṣọ́ránsì yẹn máa ń sanwó ẹ̀rọ náà fún. Tí ojú ẹnì kan bá ń wú láàárọ̀, ẹ má sọ pé ó ń sanra. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti ṣe irú tèmi, tí àṣírí kan wà lọ́wọ́ yín tó lè gba ẹnì kan là, ẹ sọ ọ́ lónìí, kí wọ́n bú yín. Èébú ò pa mí.

Àlímátù, Mùbárákù ní o ṣì máa ń ka ohun tí mo bá kọ. Mi ò ní kó o darí jì mí, o ò tíì ṣe tán, mi ò sì ní bá ẹ yára. Wọ́n ní káwọn ẹbí wá ṣàyẹ̀wò bóyá kíndìnrín ẹnì kan máa bá tìẹ mu. Mo lọ lánàá. Tó bá lọ jẹ́ pé tèmi ló bá a mu, jọ̀ọ́, gbà á. Kò pọn dandan kó o bá mi sọ̀rọ̀.