Ọmọ Tí Mo Nà Nítorí Ohun Tí Kò Rí

Ẹ bá mi gbé orúkọ Olúwa ga! Ẹ̀yin ará, ẹ gbé e ga sí i, nítorí ọmọ tó jókòó ti ìyá rẹ̀ lọ́hùn-ún yẹn, díẹ̀ ló kù kí a pàdánù rẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa ní Ajido. Sẹnami, ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wà ní kíláàsì mi. Lẹ́yìn ìkórè tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí ìdajì òsì síléètì rẹ̀ nìkan. Bí mo bá kọ gbólóhùn sára pátákó, ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló máa ń kà, á sì dákẹ́. Mo pè é ní olóríkunkun. Mo nà án lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Orí ń fọ́ ọ láràárọ̀, ó sì ń bì. A ní ibà ni, ìyá rẹ̀ sì ń fún un ní àgbo. Ó ń fi èjìká ọ̀tún gbá òpó ilé, ó ń kọlu agbọ̀n ẹja, ṣùgbọ́n kò sọ fún wa rí pé òun kò ríran dáadáa. Ọmọdé ni. Ó rò pé bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ríran nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, mo fi ọ̀pá tọ́ka sí òpin gbólóhùn, mo ní kó kà á. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní, “Bàbá, kò sí nǹkan níbẹ̀.”

Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ mi. N kò tíì bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ kejì, a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé ìwòsàn ní Badagry. Nọ́ọ̀sì jókòó kojú rẹ̀, ó ní kó máa wo imú òun, ó wá ń mú ìka rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Láti òsì, Sẹnami tètè rí i. Láti ọ̀tún, ìka fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú nọ́ọ̀sì kí ọmọ náà tó ní òun rí i. Nọ́ọ̀sì bo ojú kan, ó tún bo èkejì, bákan náà ni. Ó dìde, ó lọ pe dókítà. Dókítà fi iná kékeré wo inú ẹyinjú rẹ̀ pẹ́ títí.

Ó ní, “Tíṣà, inú ẹyinjú rẹ̀ kọ́ ni àìsàn náà wà. Kókó kan hù nínú agbárí rẹ̀, ó ń tẹ ọ̀nà tí ìríran ń gbà. Bí ẹ bá mú un padà sílé, ìríran tó kù á lọ.”

Ó ní Èkó ni wọn yóò ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má gbé ọmọ fún ẹni tí yóò la orí rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n gbọ́ tirẹ̀. Ìyá Sẹnami ló wò mí, ó ní, “Ó ṣì ń rí ojú mi. Ẹ jẹ́ ká lọ nígbà tó ṣì ń rí i.”

Ní Èkó, bí wọ́n ti ń fá irun rẹ̀, ó bi mí bóyá wọn yóò na òun bí òun kò bá rí ohun tí wọ́n fi han òun. Ẹ̀yin ará, mo jáde, mo sunkún.

Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ ni wọ́n fi wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. “Mawu, Mawu,” ni ìyá rẹ̀ ń wí, bí a ti ń pe Ọlọ́run ní Ègùn. Èmi kò lè gbàdúrà rárá. Nígbà tí dókítà jáde, ó ní àwọn ti yọ kókó náà, ọmọ náà sì wà láàyè, ṣùgbọ́n ìríran apá ọ̀tún tó ti lọ lè má padà. Ní ọjọ́ kẹta, Sẹnami la ojú, ó wo ìyá rẹ̀, ó ní, “Ìyá mi, gèlè yín ti tú.”

Ẹ ṣé, Olúwa! Ẹ ṣé o!

Apá ọ̀tún kò padà. Mo ti gbé àga rẹ̀ lọ sí ọwọ́ ọ̀tún kíláàsì kí pátákó lè bọ́ sí òsì rẹ̀, ó sì ń kàwé. Orí kò fọ́ ọ mọ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń kọlu nǹkan, tí orí ń fọ́ ọ, tó ń bì láàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè gbé e lọ kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò. Ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ̀rù bá tán. Ẹ̀rù bà mí lórí omi, ó bà mí ní Èkó, ó bà mí bọ̀ wálé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Olúwa ṣe mú wa lọ, tó sì mú wa bọ̀. Tirẹ̀ ni ọpẹ́.