Ó Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù Torí Káàdì

Lọ́jọ́ tí mo lọ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ní Ojúẹlẹ́gbà, obìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń jà lórí bẹ́ǹṣì tí mo jókòó sí.

"O lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní Jímọ̀, o dé ní Sátidé! Kí lo lọ ṣe?"

"Àǹtí mi, mi ò tiẹ̀ jáde ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù kí n wọ ọkọ̀ òfuurufú ilé-iṣẹ́ yẹn, kí wọ́n fún mi ní káàdì wúrà. Bí ọdún bá parí tí mi ò tíì lọ, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìrìnàjò mi látìbẹ̀rẹ̀ ni."

"Káàdì! Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?"

"Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń dà wá bíi màlúù lórí ìlà. Ẹni tó bá ní káàdì yẹn kì í tò. Wọ́n á ní, ẹ káàbọ̀, sà, wọ́n á dárúkọ mi. Àǹtí, wọ́n mọ orúkọ mi!"

Gbólóhùn yẹn ló mú obìnrin náà dìde fùú.

"Wọ́n mọ orúkọ rẹ! Màmá wa ní Ìjẹ̀bú ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣílẹ̀kùn báyìí, Àkànní, oríkì tìẹ, ni wọ́n fi ń pè é. Láàárọ̀ àná, èmi gan-an ni wọ́n pè ní Àkànní. Ìgbà wo lo débẹ̀ gbẹ̀yìn?"

Inú bí èmi tí mi ò mọ̀ wọ́n rí.

Nígbà tí wọ́n pe ọkùnrin náà wọlé láti ya fọ́tò tirẹ̀, obìnrin náà kígbe sí fọ́tógíráfà:

"Ẹ fọ ọ̀kan kún un fún màmá wa, kí wọ́n lè rí ẹni tí wọ́n ń pè!"