Rọ́bà Tó Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ìyàwó Mi

Ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin èèyàn mi, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tán. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi lé ìyàwó mi kúrò nínú ọkọ̀, ohun tí mo sì fi lé e kò ju rọ́bà kan àti ike omi lọ.

Ọkọ̀ mi ti gbó. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ là ń gbé, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò sì lè fi bíréèkì ṣeré lójú ọ̀nà yẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọ inú bíréèkì, èmi fúnra mi ni mo máa ń fà á jáde nínú ọgbà wa. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ìyá Rábí, ìyàwó mi, á jókòó síwájú, á máa tẹ bíréèkì. Èmi á wà nílẹ̀ nídìí táyà, màá máa tú nọ́ọ̀tì kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, màá máa dì í. Màá ní, "Tẹ̀ ẹ́! Dúró bẹ́ẹ̀!" Láàárín ìyẹn ni òun náà yóò máa sọ̀rọ̀: ti àwọn ọmọ, ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àsálátù, ti ohun tí mo ṣe lọ́dún tó kọjá tó ṣì ń dùn ún. Nígbà míì ọ̀rọ̀ á wọ̀ ọ́ lára, á gbẹ́sẹ̀ kúrò kí n tó di nọ́ọ̀tì, afẹ́fẹ́ á tún wọlé. Inú á bí mi!

Ni mo bá ronú títí. Mo wá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára. Mo dí ẹnu rẹ̀ kan, mo fi bíléèdì la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, kí epo lè jáde, kí afẹ́fẹ́ má sì lè padà. Mo ki í bọ inú ike tí mo bu epo bíréèkì sí, mo so ẹnu kejì mọ́ nọ́ọ̀tì. Èmi nìkan tẹ̀ ẹ́, ó ṣiṣẹ́! Mo ń fò sókè bí ọmọdé. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ ara wọn ṣe ládùúgbò rí i, wọ́n ń bẹ̀ mí kí n ṣe tiwọn. Mo sáré pe ìyàwó mi: "Ìyá Rábí, o ti gba òmìnira lónìí!"

Ó wo ike náà. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́," ó sì wọlé lọ. Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Bàbá Rábí, ìdí táyà nìkan lẹ ti ń gbọ́ tèmi, torí pé ẹ ò lè dìde kúrò nílẹ̀."

Háà! Ó dùn mí wọra. Ní Sátidé tó kọjá, mo bẹ̀ ẹ́ kó padà síbi ìjókòó rẹ̀. Ó kọ̀. Ó gba sípánà lọ́wọ́ mi, ó so rọ́bà náà mọ́ nọ́ọ̀tì, ó jókòó ti táyà. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ lọ jókòó síwájú, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀. Mò ń gbọ́."

Mo jókòó. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo wúkọ́. Mo ní oòrùn mú lónìí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ló tún kù? Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò rí nǹkan kan sọ! Ẹ̀rín pa á, ó ní kí n lọ ronú títí di Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọkọ tó ń bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀, kí lẹ máa ń sọ? Ẹ tètè dá mi lóhùn, táyà mẹ́ta ló ṣì kù.