Ọkùnrin tí Mo Nù Kúrò Nínú Omi

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ jókòó. Ìwọ ìyàwó mi, àti ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú mi, tipátipá ló fi ń jáde. Ìyá yín ń kú lọ nínú yàrá kejì, ó sì ní a kò gbọdọ̀ dárúkọ bàbá yín níbi òkú òun. Èmi ni mo fà á.

Ẹ mọ àwòrán ńlá tó wà ní pálọ̀ ìyá yín, ti àwọn ọkọ̀ onígbòkun àtijọ́ tó ń sáré ìje lórí òkun. Nínú ọkọ̀ kẹta ni bàbá yín ti ń fa okùn ìgbòkun, ọjọ́ ìje yẹn la sì rí i kẹ́yìn. Ọlọ́kọ̀ ní kò wá síbi iṣẹ́ rárá, ó ní obìnrin ló bá sá lọ. Bàbá ayàwòrán tó jókòó sétí omi, tó ń ya ìje náà, nìkan ló rí orí èèyàn nínú ìgbì, tí ọkọ̀ ò sì dúró. Ẹ̀rù ọlọ́kọ̀ bà á, ó panu mọ́. Nígbà tó yá, ó gbé àwòrán náà fún ìyá yín, ó tọ́ka sí orí kékeré kan àti apá kan, ó ní, “Ọkọ rẹ nìyẹn, ọmọ mi. Kò fi ẹ́ sílẹ̀.” Kò pẹ́ tí bàbá ayàwòrán náà fi kú.

Èéfín ilé ìdáná ti sọ àwòrán náà di dúdú nígbà tí ẹbí bàbá yín pèpàdé láti mọ̀ bóyá ó kú ni àbí ó sá lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fọ àwòrán àtijọ́, èmi ni ìyá yín sì gbé e wá fún. Ó ní, “Àbúrò, bá mi fọ̀ ọ́ kí wọ́n lè rí i. Ẹlẹ́rìí mi nìyẹn.”

Nínú iṣẹ́ wa, a kì í fọ nǹkan kan láìkọ́kọ́ dán oògùn tí a fi ń fọ̀ ọ́ wò ní kọ̀rọ̀ kan lára rẹ̀. Èmi ọ̀gá, mo ní mo ti mọ̀ ọ́n. Ìgbéraga lásán. Mo rẹ òwú sínú oògùn, mo ń nu fánííṣì, òróró dídán tí wọ́n fi ń bo àwòrán, tó ti pọ́n kúrò, òkun ń mọ́, inú mi ń dùn. Mo dé ẹ̀yìn ọkọ̀ kẹta, mo gbé òwú wò, orí yẹn ti wà lára òwú. Ayàwòrán ti parí iṣẹ́, ó ti fi fánííṣì kùn ún, kí ẹ̀rí ọkàn tó mú un padà wá. Òkè fánííṣì náà ló ya bàbá yín sí, ìyẹn ló fi bá a jáde. Apá nìkan ló ṣẹ́ kù, tó nà sókè láìlórí. Mo lè ránṣẹ́ pe ìyá yín nígbà náà, kí n ní ọwọ́ mi ṣèèṣì. Èmi tí gbogbo oníbàárà ń pè ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kẹ̀? Mo mú òwú tuntun, mo sì nu apá náà kúrò.

Nígbà tó dé, ó tẹ̀ mọ́ àwòrán náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́ kàn án. “Àbúrò, ọkọ mi dà?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n wa, ìdọ̀tí ni. Ìgbẹ́ eṣinṣin lẹ ti ń wò láti ọjọ́ yìí.” Mo rò pé á bá mi jà. Kò jà. Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ mi, ó ní, “Bàbá ayàwòrán yẹn kàn ń tù mí nínú ni. Ọkọ mi sá lọ lóòótọ́.” Ó bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì mi. Kò yọjú sípàdé. Ọdún náà ló yí orúkọ yín padà sí ti bàbá tirẹ̀.

Láàárọ̀ yìí mo wọlé láti jẹ́wọ́ fún un. Kí n tó lanu, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Àbúrò, o ṣeun. Ìwọ nìkan ló sọ òótọ́ fún mi láyé yìí.” Mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀, mo sá jáde láìjẹ́wọ́.

Ìwọ àkọ́bí, mo rí bó o ṣe ń wò mí. Ohun tó o bá fẹ́ fi mí ṣe, o láyè, mi ò ní sá. Mo bẹ̀ yín, ẹ forí jì mí tó bá ṣeé ṣe, bí kò bá sì ṣeé ṣe, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní etí ìyá yín ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Kí ẹ tó bú mi, kí ẹnì kan dìde báyìí, kó lọ sọ fún un pé omi ló gbé ọkọ rẹ̀ lọ.