Ẹ̀rọ Tó Ń Fa Egbò àti Àdúrà Màmá Kúnlé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ Ìkìrun, Port Harcourt yìí ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ẹ̀kọ́. Ìyá àgbàlagbà kan wà ní àdúgbò Mgbuoba níbí tí àwọn ará wa ń pè ní àjẹ́. Màmá yìí kì í ṣe àjẹ́. Èmi ni mo sọ wọ́n di àjẹ́. Ọdún ti gorí ọdún tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, àmọ́ mo lọ kí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, n kò sì lè gbé e mì mọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Màmá bí, Kúnlé ni wọ́n ń pè é. Wẹ́dà tó ń jó irin ni ní Trans-Amadi. Irin já lù ú lójúgun, wọ́n sì gbé e wá sí ọsibítù aládàáni tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Egbò náà jìn, ó kọ̀ kò jinná. A wẹ̀ ẹ́ títí, a dì í títí, ọyún ni.

Dókítà wa, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ti òkè òkun dé, ló wá mú ọgbọ́n tuntun wá. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ní yàrá iṣẹ́ abẹ jáde. Ó gé fóòmù, ó sè é, ó kì í bọ inú egbò náà. Ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ó wá fi ọ̀rá tó ń lẹ̀ bò ó pinpin kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé. Tí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, fóòmù á sún kì, omi ìdọ̀tí á sì máa ṣàn bọ́ sínú ìgò. Kí n má parọ́, ó ṣiṣẹ́. Láàárín ìwọ̀nba ọjọ́, ẹran pupa tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù.

Yàrá kékeré tiwa, àwa nọ́ọ̀sì, ni ẹ̀rọ náà wà, nítorí ó ń gbóná, ibẹ̀ sì ni fáànù wà. A gba ojú fèrèsé na rọ́bà rẹ̀ sọ́dọ̀ Kúnlé. Nítorí náà, ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ Kúnlé á máa gbọ́ ohùn ẹ̀rọ, kò ní í rí i. Dókítà ní ká máa fún ẹ̀rọ náà ní ìsinmi díẹ̀ lọ́sàn-án kó má baà jó. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún wa gidigidi pé bí ìsinmi bá máa pẹ́, ká yọ fóòmù kúrò, ká fi báńdéèjì lásán dì í. Ó ní bí a bá dé fóòmù mọ́ inú egbò tí ẹ̀rọ ò fà á, ara á jẹrà sábẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ dáadáa.

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ẹ̀rù ẹ̀rọ náà ń bà mí. Nígbà mìíràn etí ọ̀rá á ṣí díẹ̀, egbò náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́ sínú: híìì, híìì. Ikọ́ fée ló pa àbúrò mi ọkùnrin, ọwọ́ mi ló sì kú sí. Bó ṣe ń fa èémí títí tí kò fi rí i fà mọ́ nìyẹn. Ẹ rò ó wò, ọ̀sán gangan, oòrùn mú, gbogbo wọ́ọ̀dù ti sùn, èmi nìkan ni mo jókòó ti nǹkan tó ń mí bí àbúrò mi. Orí mi á máa wú.

Màmá náà ò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní, “Sista, ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ni nǹkan yìí ń mu.” Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá, ìdọ̀tí ló ń fà.” Wọn ò gbà. Aládùúrà gidi ni wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, mo ń gbọ́ ohùn wọn láti yàrá wa: “Ìwọ tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi, mo pàṣẹ fún ọ, dákẹ́!”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, ọwọ́ mi ti wà lára bọ́tìnnì nítorí àkókò ìsinmi rẹ̀ ti tó. Bí wọ́n ṣe ní “dákẹ́” ni mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Màmá figbe ta, “Halelúyà!” Ṣebí ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, kí n lọ ṣàlàyé fún wọn? N kò lọ. Ìdákẹ́jẹ́ náà dùn mọ́ mi. Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìrọ̀lẹ́, mo tan án nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi dé. N kò sì yọ fóòmù.

Bí ó ṣe di ojoojúmọ́ nìyẹn. Màmá á gbàdúrà, èmi á tẹ bọ́tìnnì. Ó dé ibi pé mo ń dúró de àdúrà náà. Kúnlé ń gbọ́ ọ, àwọn aláìsàn tó kù ń gbọ́ ọ, gbogbo wọn ni wọ́n ń sọ pé ẹnu màmá yìí ń ṣẹ.

Nǹkan kan wà tí ẹ lè má gbà gbọ́. Lọ́jọ́ kan ẹ̀rí-ọkàn lù mí, mo sì pinnu pé n kò ní í pa ẹ̀rọ náà. Mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì bí ọmọ iléèwé. Màmá ní “dákẹ́,” ẹ̀rọ sì dákẹ́. Iná ò lọ, fáànù ṣì ń yí lókè orí mi. Mo wo bọ́tìnnì, ó ti wà ní pípa. N kò rántí pé mo dìde. Èmi nìkan ni mo sì wà nínú yàrá náà.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan òórùn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Dókítà ṣí i, fóòmù ti lẹ̀ mọ́ ara pẹ̀lú ọyún àwọ̀ ewé, ẹran pupa ọjọ́sí ti di dúdú. Wọ́n gé ẹsẹ̀ Kúnlé láti orúnkún.

Dókítà bi mí bóyá ẹ̀rọ náà ń kú lọ́sàn-án. Mo ní, “Rárá o, àyàfi ìsinmi tí ẹ ní ká máa fún un.” Kí n tó pa ẹnu dé, Màmá ti dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ bí ọkùnrin. Wọ́n ní, “Ó ń dákẹ́, Dókítà. Èmi ni mo ń pa á lẹ́nu mọ́. N kò mọ̀ pé ohun tó ń wo ọmọ mi sàn ni.” Wọ́n yíjú sí mi: “Sista, ẹ̀yin náà ń gbọ́ bó ṣe ń dákẹ́, àbí?”

Mo ní, “Màmá, èmi ò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn.”

Ẹ̀yin èèyàn, gbólóhùn yẹn ń jẹ mí lọ́kàn ju bọ́tìnnì lọ. Kúnlé kọjú sí ògiri. Ó ní, “Màmá, ẹnu yín ló gé ẹsẹ̀ mi.” Obìnrin tó ń nulẹ̀ ní wọ́ọ̀dù mi orí: “Dat mama mouth no be small thing o.” Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá. Ẹ mọ bí ẹnu ayé ti rí.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ò jẹ́ kí Màmá bá ẹnikẹ́ni gbàdúrà mọ́. Kúnlé kó lọ sí ìlú Isiokpo, kì í wá. Èmi ń bọ̀, mò ń lọ, mo ń kí wọn ní “Ẹ kú ìfaradà, Màmá,” n kò jẹ́wọ́, nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí kí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì má bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo kàn ń dá ara mi lójú pé àwọn èèyàn á gbàgbé.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti gbẹ. Wọ́n fi ìborùn bo ẹnu. Mo rò pé eyín ni. Wọ́n ní rárá, àwọn ọmọ kéékèèké ń ṣeré níta, àwọn ò fẹ́ kí ohùn àwọn kàn wọ́n. Wọ́n wá fà mí mọ́ra.

“Sista, ẹ̀yin tí ẹ mọ oògùn, ṣé abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n lè gún sí ahọ́n èèyàn kí ahọ́n náà kú? Ìyàwó Kúnlé ti bímọ. Mo fẹ́ gbé ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan kí n tó lọ.”

Mo ní kò sí. Wọ́n ní kí n bá àwọn wádìí rẹ̀ dáadáa. Mo ní, “Mo gbọ́, Màmá, màá padà wá lọ́jọ́ Àìkú,” mo sì sáré jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé Kúnlé ni kí n kọ́kọ́ lọ bá ni, àbí Màmá? Báwo ni èèyàn ṣe ń sọ ọ́ fún ìyá pé àdúrà rẹ̀ ò pa nǹkan kan, pé ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni? Mo mọ̀ pé mo lè pàdánù iṣẹ́ mi. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ ṣáà tètè dá mi lóhùn, nítorí ọjọ́ Àìkú ni mo ṣèlérí pé mo máa padà lọ. Màmá ti ń dúró dè mí. Wọ́n rò pé abẹ́rẹ́ náà ni mò ń mú bọ̀.