Ẹsẹ Bíbélì Márùn-ún Tí Mo Kọ Sínú Tẹ́sìtì

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà ẹni tí kì í lè jókòó sójú kan. Èmi ni Sister Bọ́lá, ẹgbẹ́ akọrin. Mo ti rí i pé pásítọ̀ ń wo aago, màá ṣe é kíá.

Ọdún tó kẹ́yìn ni mo wà ní yunifásítì. Kọ́ọ̀sì kan wà tó jẹ́ dandan: ìtàn èrò àwọn ọ̀mọ̀ràn Òyìnbó nípa ìjọba, láti ayé àwọn Gíríìkì títí dòní. Ẹni tó bá féèlì ẹ̀ á lo ọdún kan sí i. Bẹ́ẹ̀, ìyá mi ti sọ fún gbogbo olóbì Ṣàgámù pé ọmọ òun ń jáde lọ́dún yìí.

Wọ́n wá fún wa ní tẹ́sìtì. Wọ́n ní ká ṣàlàyé ohun tí ọ̀mọ̀ràn kan sọ, pé kì í ṣe Ọlọ́run ló ń gbé àṣẹ fún ọba, pé àwọn ará ìlú ló gbé e fún un, wọ́n sì lè gbà á padà. Ara mi gbóná. Mo gba ìjà Ọlọ́run jà. Ẹsẹ Bíbélì márùn-ún ni mo kọ lé ọkùnrin náà lórí, mo sì fi “ní orúkọ Jésù” parí ẹ̀. Òdo ni mo gbà. Òdo! Lẹ́kíṣọ̀ọ̀ tó máàkì ẹ̀ gan-an, díákónì ni.

Ó wá ku ìdánwò nìkan tó lè gbà mí.  Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, mo da òróró sí ìwé kọ́ọ̀sì náà títí ó fi rin gbingbin, mo ní kí Ọlọ́run rán áńgẹ́lì sí mi. Ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta, mò ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ìsọ̀ obì ìyá mi ní Ibido, ní Ṣàgámù, àfi bíi pé èèrà wọ̀ mí láṣọ.

Àlàájà ni ìyá mi. Alárinà obì ni wọ́n, àwọn ló máa ń dúró láàárín àwọn àgbẹ̀ tó ń gbé obì bọ̀ láti Ìsarà àti àwọn Haúsá tó ń rà á. Wọ́n bi mí pé kí ló ń lé mi. Mo rò ó fún wọn, mo ṣì ń bínú sí ọ̀mọ̀ràn yẹn. Wọ́n ń ṣa obì lọ, wọn ò gbójú sókè.

“Bọ́lá, tí àgbẹ̀ bá rán mi sí Haúsá, ohun tó bá sọ gan-an ni mo máa kọ́kọ́ sọ, kódà kó máa bí mi nínú. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó lè sọ tèmi. Ohun tí ọkùnrin yẹn wí ni wọ́n bi ẹ́. Ṣé o tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán?”

Ojú tì mí. Ó tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń gbàdúrà kí ìyá mi yí padà, mi ò sì jẹ́ kí àwọn náà sọ̀rọ̀ tán rí.

Mo tún ìwé náà kà. Nígbà tí ìdánwò dé, mo jẹ́ iṣẹ́ ọ̀mọ̀ràn yẹn pé pérépéré, kí n tó sọ ibi tí mi ò ti gbà fún un. Rèsọ́ọ̀tì jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàásì.

Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn o, mo ṣì ń bá a jà nínú mi. Ṣùgbọ́n ti Ọlọ́run ni ògo. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi pàtẹ́wọ́. Ẹ sì yíjú sẹ́yìn, ẹ kí ìyá mi, àwọn tó borí funfun lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn. Àwọn ni áńgẹ́lì tí mo tọrọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má pè wọ́n jáde síwájú. Wọ́n wá gbọ́ tèmi tán ni. Tá a bá délé, èmi ló kàn láti gbọ́ tiwọn.