Lọ́yà Wa, Lọ́yà Ta Ni?

Lọ́jọ́ tí Ràbíátù lọ gba kọ́kọ́rọ́ fúláàtì tó rà, wọ́n ní ó ku owó lọ́yà, kò sì gba kọ́kọ́rọ́ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn tẹ́ ẹ ń wo fóònù. Ẹ̀kọ́ tí mo gbé wá sí àsàlátù láàárọ̀ yìí kò gùn. Ọlọ́hun fi í ṣe ojúṣe fún mùsùlùmí tó ń tà àti mùsùlùmí tó ń rà pé kí wọ́n là á yé ara wọn, kí ọ̀rọ̀ má ṣe kù sábẹ́ ahọ́n. Ẹni tí kò bá yé, kó béèrè. Kó má fi ìfura rọ́pò ìbéèrè. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ṣé oògùn kan ṣoṣo ló ń wo gbogbo àìsàn ni? Ẹni tí inú ń run, tó ń kán oògùn ojú sí ìdodo ńkọ́? Ọlọ́hun Ọba sọ fún wa nínú Sọ́ọ̀rà Hújúrátì pé ká jìnnà sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àbá dídá, pé ẹ̀ṣẹ̀ ni apá kan nínú rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, kí n wá sọ ti Ràbíátù fún yín.

Agége ni Ràbíátù ń gbé, òkìríkà ló ń tà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òwò yẹn, ẹ mọ̀ pé béèlì òkìríkà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tú wò kó tó rà á. Bí wọ́n ṣe dì í láti òkè òkun lẹ ṣe máa sanwó rẹ̀. Ẹ lè tú u kẹ́ ẹ bá ojúlówó aṣọ níbẹ̀, ẹ sì lè tú u kó jẹ́ ṣòkòtò tó ti ya nídìí ló kún inú rẹ̀. Òwò yìí ló sọ Ràbíátù di onífura. Bí wọ́n bá gbé béèlì síwájú rẹ̀, á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, á fi ẹsẹ̀ tì í, á tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà á wá wo ojú ẹni tó ń tà á.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

Bí onítọ̀hún ò bá sì rẹ́rìn-ín ńkọ́? "Kí ló dé tó o fajú ro?"

Ìyá Kọ́sítọ́ọ̀mù làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é lọ́jà.

Ràbíátù ní ìyá, arúgbó tó ti gbààwẹ̀ títí egungun rẹ̀ fi fúyẹ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé, ilé ayálégbé. Orúnkún ìyá kò gbé e mọ́, àtẹ̀gùn ilé náà sì dúró ṣánṣán bí àkàbà, kò sí ibi tí èèyàn lè dì mú. Obìnrin tó jẹ́ pé òun ló máa ń kọ́kọ́ tẹ́ ẹní ní ìlà iwájú àwọn obìnrin, lójú fèrèsé ló wá ń gbọ́ kútùbà Jímọ̀. Lọ́jọ́ Iléyá, á jókòó sórí àga, á máa wo àwọn èèyàn tó ń wọ aṣọ tuntun lọ sí yídì. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ.

"Ràbí, gbé mi sọ̀kalẹ̀. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi wọ mọ́sálásí yẹn kí wọ́n tó gbé mi lọ síbẹ̀ láti kírun sí mi lára."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá, ọ̀rọ̀ yẹn ò ha wọ̀ yín létí bí?

Nígbà tí Ràbíátù wá gbọ́ pé Alàájì Mọ́nsúrù, tí wọ́n jọ ń ṣe àsàlátù, fẹ́ ta fúláàtì kan nísàlẹ̀ ilé rẹ̀ tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí, ó sáré lọ. Ó sáré lọ, àmọ́ kò sáré rà á. Ó kan ògiri. Ó da omi sílẹ̀ kó lè mọ ibi tí omi ń ṣàn lọ. Ó tún padà lọ nígbà tí òjò ń rọ̀, ó ń wo àjà. Ó bi àwọn aládùúgbò bóyá ilé náà ní ẹjọ́ lọ́rùn. Ó gba ẹ̀dà ìwé ilẹ̀, ó gbé e lọ fún ẹni tó mọ ojú rẹ̀. Kò sí àléébù kankan.

Wọ́n dúnàá dúrà níwájú Bàbá Àdínì, ẹni tó jẹ́ olórí wọn nínú àsàlátù náà. Wọ́n fẹnu kò. Ràbíátù kó gbogbo owó òwò rẹ̀ jọ, ó san owó ilé pé. Bí Alàájì ṣe ń dìde, ó gbọn ẹ̀yìn agbádá rẹ̀, ó ní:

"Arábìnrin mi, ti ìwé ò le. Lọ́yà wa á bá wa ṣe é."

Ràbíátù ní, "Àlùhámúdù lílááhì."

Ó parí. Obìnrin tó ń gbóòórùn béèlì, kò gbóòórùn ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. "Wa" tí Alàájì sọ yẹn, ta ni "wa"? Bí mo bá ní Ànábì wa, gbogbo àwa tá a jókòó síbí la ni ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n yín bá gbéyàwó, tí gbogbo ẹbí ń pariwo pé ìyàwó wa dé, ìyàwó wa dé, ṣé gbogbo yín lẹ jọ fẹ́ ẹ ni? Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ dá mi lóhùn! Ẹ lọ dán an wò, kẹ́ ẹ rí nǹkan tójú yín máa rí. Èdè wa nìyẹn. "Wa" kan wà tó ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ilé. "Wa" kan wà tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ lójú. Ẹnu kan náà ló sì ń sọ méjèèjì.

Èyí tó ń ṣílẹ̀kùn ni Ràbíátù gbọ́. Ó gbà pé lọ́yà kan náà ni yóò ṣiṣẹ́ fún òun àti Alàájì, pé owó rẹ̀ sì ti wà nínú ohun tóun san. Kò béèrè. Alàájì náà ò sì là á.

Ọjọ́ kọ́kọ́rọ́ pé. Ìyá ti di ẹrù tirẹ̀ sínú àpò nílọ́ọ̀nù: ẹní ìkírun, kẹ́tù àlùwàlá, tèsùbáà.

"Lónìí náà ni, Ràbí?"

"Lónìí ni, Ìyá. Bí mo bá dé báyìí, ẹ̀yìn ni n ó pọ̀n yín sọ̀kalẹ̀."

Ọ́fíìsì lọ́yà ni òun àti Alàájì ti pàdé. Lọ́yà náà ń jẹ́ Ọmọlérè. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, kìrìsìtẹ́nì ni. Ràbíátù ti wo àgbélébùú kékeré tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti wo ètè tó kùn, ó sì ti dá ẹjọ́ kan lọ́kàn ara rẹ̀ kó tó jókòó. Lọ́yà ka àgírímẹ́ǹtì fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wá ní:

"Mà, ó ku owó àgírímẹ́ǹtì àti owó iṣẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé ni méjèèjì."

"Owó kí ni?"

"Owó lọ́yà, mà. Ẹni tó ń ra ilé la máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Ràbíátù wo Alàájì. Fáànù ni Alàájì ń wò. Lọ́yà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ òyìnbó díẹ̀ sí Alàájì létí. Alàájì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọkàn Ràbíátù sọ fún un pé, O ò rí i? Wọ́n ń pín owó náà lójú rẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló dojú ọ̀rọ̀ kọ. Ṣebí arákùnrin ẹni nínú ẹ̀sìn ni Alàájì? Ṣebí orí ẹní kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe lààìláà?

"Alàájì, ẹ ṣọ́ra fún ọmọ yìí o! Ó fẹ́ fi orúkọ yín jalè. Wọ́láhì, mo ti mọ̀ ọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Olè tó kun ètè!"

Ohùn lọ́yà ò lọ sókè. "Mà, mi ò bá yín jà. Lọ́yà tiyín ńkọ́? Ṣé kò ṣàlàyé fún yín ni?"

"Lọ́yà tèmi? Ṣé ìwọ kọ́ ni lọ́yà wa ni?"

"Lọ́yà ta ni, mà?"

"Tiwa! Èmi àti Alàájì!"

"Lọ́yà Alàájì ni mí. Alàájì ló gbé iṣẹ́ fún mi."

Alàájì hú ikọ́, ó ní, "Hẹn… nígbà tí mo ní lọ́yà wa, èmi àti ìyàwó mi ni mo ní lọ́kàn. Àwa la jọ ni ilé."

Ẹ gbọ́ o! Ìyàwó tí kò sí níbi tí wọ́n ti dúnàá dúrà, òun ló wá wà nínú "wa".

Ràbíátù bínú jáde. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó dìde ní àsàlátù, ó ròyìn lọ́yà fún gbogbo èèyàn: jàgùdà ni, ó fẹ́ fi ọgbọ́n ìwé lu òun ní jìbìtì, ó tún fẹ́ ba orúkọ Alàájì wa jẹ́. Àwọn obìnrin pòṣé. Àwọn kan ṣépè. Ta ló bi Alàájì ní ìbéèrè kan ṣoṣo? Kò sí. Alàájì wà níbẹ̀, ó jókòó ti òpó, ó ń fa tèsùbáà. Sùbúhánọ́láhì ń jáde lẹ́nu rẹ̀, òótọ́ ò rí àyè jáde.

Lọ́jọ́ Ajé, fóònù Ràbíátù dún. Ó wo ojú rẹ̀.

"Olè ń pè."

Ìyá rẹ̀ ní, "Gbé e, Ràbí. Ẹni tó ń pe èèyàn ní ohun tó fẹ́ sọ."

"Ìyá, ẹ ò mọ ayé. Ó fẹ́ fi ohùn dídùn mú mi ni."

Fóònù dún lọ, ó dún lọ, ó dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó tún dún. Ràbíátù dojú fóònù délẹ̀ lórí béèlì, ó ń bá oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Kò tún dún mọ́.

Bàbá Àdínì ló gbéra lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà. Ìbínú ló gbé lọ, pé òun fẹ́ lọ bá ọmọ náà wí. Ẹsẹ̀ wúwo ló fi padà. Ìsọ̀ Ràbíátù ló gbà lọ.

"Òyìnbó tí ọmọ yẹn sọ sí Alàájì létí lọ́jọ́ náà, o mọ̀ ọ́n?"

"Kí ló tún fẹ́ jẹ́, Bàbá? Bí wọ́n ṣe máa pín in ni."

"Ó bi í ni. Ó ní, 'Ṣé ẹ ti sọ ti owó yìí fún màmá yìí?' Alàájì sì mi orí pé òun ti sọ ọ́."

Ràbíátù wo fóònù rẹ̀.

"Ìpè tó ń pè ọ́ ńkọ́? Ó fẹ́ sọ fún ọ pé òun á gba ìdajì lọ́wọ́ rẹ, kí Alàájì tí kò là á san ìdajì tó kù. Ó ní kó o tètè wá, torí Alàájì ti ń mú ẹlòmíì wá wo ilé. Ó ní o ò gbé e."

"Mo lè rí ìdajì, Bàbá," ni Ràbíátù wí. Ó ti ń wá gèlè rẹ̀. "Mo lè rí i lónìí. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Bàbá Àdínì di apá rẹ̀ mú. "Jókòó. Wọ́n ti tà á."

Ó jókòó sórí béèlì tí kò tíì tú.

Alàájì dá owó rẹ̀ padà, kò jẹ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Wọn ò tíì tọwọ́ bọ àgírímẹ́ǹtì, nítorí náà nílé ẹjọ́, ẹ ò lè mú un. Ṣùgbọ́n ṣé ilé ẹjọ́ nìkan ló wà? Ànábì wa, "wa" tó kó gbogbo wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, sọ fún wa pé bí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà bá sọ òdodo, tí wọ́n sì là á yé ara wọn, àlùbáríkà á wọ òwò wọn. Bí wọ́n bá purọ́, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́, àlùbáríkà á kúrò níbẹ̀. Irọ́ kò ní dìgbà tí èèyàn bá la ẹnu. Alàájì ò la ẹnu. Orí ló mì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì ń pòṣé sí Alàájì, ẹ rọra. Ìfura Ràbíátù ò kéré. Ibi tó kọ ojú sí ni kò dáa. Ó fura sí àgbélébùú, kò fura sí agbádá. Ó fi ẹnu ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ nínú ilé Ọlọ́hun. Ó ti lọ bẹ̀ ẹ́, ọmọ náà sì ní òun ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo àwọn tó gbọ́ èébú náà ló gbọ́ ẹ̀bẹ̀? Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, tí wọ́n bá ní lọ́yà wa, ẹ bi wọ́n: lọ́yà ta ni? Ta ló máa san owó rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, Alùkùráánì ló ní ká máa kọ ọ́. Ìbéèrè kì í ṣe ìwà àfojúdi.

Ọlọ́hun, fi ọ̀nà mọ̀ wá nínú títà àti rírà wa. Má jẹ́ ká fi ẹ̀sìn bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Má jẹ́ ká fura sí ẹni tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Àwọn ìyá tí ẹsẹ̀ ò gbé mọ́, Ọlọ́hun, gbé wọn.

Ẹ ti ń ṣe àmín. Ìyá kan níwájú níbẹ̀ yẹn na ọwọ́ sókè. Kí lẹ wí, ìyá mi? Ìyá Ràbíátù ńkọ́?

Ó ṣì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò tíì tú ẹrù tó dì.